Bí Ojú Kan Bá Ṣàdédé Pa Dé: Ohun Tí Ọmọlójú Ń Sọ, àti Bí Àwọn Dókítà Ṣe Mọ̀ Ọ́n

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ẹni ọdún 58. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ó jí, ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ kọ̀, kò ṣí. Ẹ̀yìn ojú náà ti ń dùn ún láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó fi ọwọ́ gbé ìpéǹpéjú náà sókè, ẹyinjú ọ̀hún ti yà sí ọ̀nà etí, ó sì ń rí ìyàwó rẹ̀ ní méjì. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Kí oòrùn tó mú, ẹnì kan ti gbé omi iyọ̀ wá, ẹnì kan ti mú oògùn ojú tó ṣẹ́kù nínú ìgò ọmọ rẹ̀ wá, ẹlòmíràn sì ti fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bi í pé ta ló bá jà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rántí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ó pè mí lórí fóònù. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í nìyí: "Tan iná fóònù rẹ sí ojú náà. Ọmọlójú rẹ̀ ńkọ́, dúdú róbótó tó wà láàárín yẹn? Ṣé ó tóbi ju ti ojú kejì lọ?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọgbọ́n orí mi. Àwọn aláìsàn tó ti kú ló kọ́ àwọn dókítà, àwọn dókítà ló kọ́ wa. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: ojú kì í dá yí ara rẹ̀. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà ló so mọ́ ẹyinjú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìjánu darí ẹṣin. Inú ọpọlọ ni àṣẹ ti ń wá bá àwọn ẹran náà, nípasẹ̀ okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo máa pè ní iṣan ọpọlọ. (Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ o. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ bí páìpù ṣe ń gbé omi. Iṣan ọpọlọ ń gbé àṣẹ bí wáyà ṣe ń gbé iná.)

Galen, dókítà ọmọ Pergamon ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Turkey lónìí, tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní ọ̀rúndún kejì, ka àwọn iṣan tó ti inú agbárí jáde sí oríṣi méje. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ọ̀bọ ló ń là wò, kì í ṣe ènìyàn, síbẹ̀ ìkà rẹ̀ yìí ni wọ́n ń tẹ̀ lé fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ní 1664, Thomas Willis ti Oxford tẹ ìwé jáde lórí ọpọlọ, Christopher Wren tó wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní Lọ́ńdọ́nù lẹ́yìn náà sì wà lára àwọn tó ya àwòrán inú rẹ̀. Willis ka mẹ́sàn-án. Ní 1778 ni akẹ́kọ̀ọ́ ará Jámánì kan, Samuel Thomas Soemmerring, ọmọ ọdún 23, ka méjìlá. Ìkà ọmọdé yẹn ni gbogbo ilé ìwé ìṣègùn ń lò títí di òní.

Nínú méjìlá yìí, mẹ́ta ló ń yí ojú. Ìkẹta ni ọ̀gá: òun ló ń gbé ìpéǹpéjú sókè, òun ló ń yí ojú wọnú, sókè àti sísàlẹ̀, òun náà ló ń mú kí ọmọlójú sún kì bí iná bá tàn sí i. Ìkẹrin ń darí ẹran kan ṣoṣo, èyí tó gba inú ohun kan bí ìrin róbótó tí okùn kànga ń gbà kọjá. Ìkẹfà náà ń darí ẹran kan ṣoṣo, èyí tó ń yí ojú síta sí ọ̀nà etí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọṣẹ́, ojú méjèèjì kò ní wo ibì kan náà mọ́, ọpọlọ á sì rí nǹkan kan ní méjì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọwọ́ bo ojú kan, èyíkéyìí nínú méjèèjì, nǹkan á padà di ẹyọ kan. Bí ẹ bá bo ojú kan tí ẹ ṣì ń rí méjì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ẹyinjú gan-an ni wàhálà wà. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn dán an wò kí ẹ tó jáde nílé, ẹ sì sọ èsì rẹ̀ fún dókítà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ̀ pé ojú ń sọ ohun tó wà nínú agbárí. Ní ọ̀rúndún 19, Jonathan Hutchinson, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ́nù, ṣàkíyèsí àwọn tó forí gbálẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń kóra jọ nínú agbárí, ọmọlójú ìhà ibẹ̀ a là gbàgà, kì í sì í gbọ́ ti iná mọ́, nítorí ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ń tì ti tẹ iṣan kẹta mọ́lẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé ẹni tó já lórí ọ̀kadà dé, ohun tí nọ́ọ̀sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wá lójú rẹ̀ nìyẹn. Ní 1863, Hermann Weber, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́nù, kọ̀wé nípa ẹni tí ojú rẹ̀ kan pa dé, tí apá àti ẹsẹ̀ ìhà kejì sì rọ. Ibì kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ọpọlọ ni iṣan kẹta ti ń fẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà tí àṣẹ apá àti ẹsẹ̀ ń gbà, kí ọ̀nà náà tó rékọjá sí ìhà kejì ara. Weber kò ní ẹ̀rọ kankan, síbẹ̀ ó lè fi ìka tọ́ ibi tí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti bàbá àdúgbò wa kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ṣubú, apá rẹ̀ kò rọ, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ojú nìkan ló pa dé. Irú èyí ló dá àwọn àgbà dókítà láàmú jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, Charles Symonds, ọ̀dọ́ dókítà ará Ìlú Ọba, lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Harvey Cushing ní Boston, Amẹ́ríkà. Cushing ni baba ìsàlẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ nígbà náà, ta ni yóò bá a jiyàn? Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wọn tí Cushing rò pé kókó ló wà nínú agbárí rẹ̀. Symonds ní rárá o, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, obìnrin náà kú, wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ ọmọdé ló ṣẹ. Cushing ní kí Symonds lọ jókòó sí yàrá ìkàwé títí yóò fi lè ṣàlàyé bó ṣe mọ̀. Ìwé tó kọ jáde ní 1923 wà lára ohun tó kọ́ àwọn dókítà láti máa dá àìsàn yìí mọ̀ nígbà tí aláìsàn ṣì wà láàyè. Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yìn ikú ni wọ́n sábà máa ń rí i.

Kí ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú? Ẹ rántí túùbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó. Ibi tó ti fẹ́lẹ́ a yọ síta bí eéwo, a máa tóbi díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan a bẹ́. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ọrùn gòkè yọ ẹ̀ka kan sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ iṣan kẹta gan-an ni ẹ̀ka náà sì gbà. Bí oríta ibẹ̀ bá wú, iṣan kẹta ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ojú á pa dé, ọmọlójú á là. Nígbà mìíràn, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tó fi ń bẹ́, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá sì bẹ́ fún kì í dìde mọ́.

Ọkùnrin ẹni ọdún 43 kan dé ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore pẹ̀lú irú ojú bẹ́ẹ̀. Walter Dandy ló wò ó. Egas Moniz ti Lisbon ti fi ọ̀nà yíya x-ray iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ han ayé ní 1927, ṣùgbọ́n Dandy kò lo ìyẹn. Ojú tó pa dé ló fi mọ ibi tí yóò là. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1937, ó ṣí agbárí ọkùnrin náà, ó bá ibi tó wú níbi tó rò pé yóò wà gẹ́lẹ́, ó fi kílíìpù fàdákà kékeré kan fún un lọ́rùn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe irú rẹ̀ fún láyé. Ọkùnrin náà lọ sílé, ojú rẹ̀ sì padà bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín oṣù díẹ̀. (Cushing ló dá irú kílíìpù yẹn sílẹ̀ ní 1911. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni Dandy jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti jà, wọn ò rẹ́ mọ́. Ọlọ́run ló mọ ohun tí Cushing sọ nígbà tó gbọ́.)

Ọ̀nà ti là nìyẹn, àbí? Wàhálà mìíràn ló tẹ̀ lé e. Àwọn kan wà tí ojú wọn pa dé bákan náà, tí ẹ̀yìn ojú ń dùn wọ́n bákan náà, ṣùgbọ́n tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan kò wú. Ojú wọn á dá ṣí láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin láìlo abẹ. Púpọ̀ nínú wọn ló ní àtọ̀gbẹ. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ mọ ẹni tí ẹ máa sáré gbé lọ sábẹ ọ̀bẹ, àti ẹni tí ẹ máa ní kó lọ sílé kó máa ṣọ́ ṣúgà rẹ̀?

Ọmọlójú ni wọ́n padà lọ bi. Ní 1946, Sydney Sunderland ará Ọsirélíà àti ẹnì kejì rẹ̀ Hughes tú iṣan kẹta palẹ̀ fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n rí i pé àwọn fọ́nrán tó ń darí ọmọlójú, ẹ̀yìn ìta iṣan náà ni wọ́n ń gbà, bí èèpo ìta iṣu. Ohun tó bá ń ti ìta tẹ iṣan náà, àwọn ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ní 1957, Dreyfus, Hakim àti Adams ní Boston yẹ òkú alátọ̀gbẹ kan wò tí ojú rẹ̀ ti pa dé kó tó kú. Àárín iṣan kẹta ló bàjẹ́, ẹ̀yìn ìta rẹ̀ ṣì dára. Àtọ̀gbẹ ti dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wínníwínní tó ń bọ́ iṣan náà nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé èèpo. Ó wá yé wọn. Nígbà tí Goldstein àti Cogan ka àwọn alátọ̀gbẹ aláìsàn ojú yìí jọ ní 1960, ọmọlójú kò là lójú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn.

Nítorí náà, tí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀ tí ọmọlójú sì là, ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, kódà bó ṣe òru. Tí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀ pátápátá, tí ojú kò yí rárá, ṣùgbọ́n tí ọmọlójú dọ́gba tó sì ń gbọ́ ti iná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má wá torí ìyẹn jókòó sílé o! Mo mọ̀ yín. Ọmọlójú tó dọ́gba lónìí lè là ní ọ̀túnla. Bí ojú kò bá sì pa dé tán, tó kàn wálẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú tó dọ́gba kò tíì fọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ lọ, kí dókítà wò ó, kó sì máa wò ó léraléra ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Iṣan kẹfà ní ìwà tirẹ̀: òpùrọ́ ni. Bó bá kọṣẹ́, ojú á yí wọnú sí ọ̀nà imú, aláìsàn á máa rí nǹkan tó jìnnà ní méjì tó fẹ̀gbẹ́ kanra. Ẹ lè rò pé ibi tí iṣan náà ti yọ ni àìsàn wà. James Collier ní Lọ́ńdọ́nù kọ̀wé ní 1904 lórí àwọn aláìsàn 161 tí kókó wà nínú agbárí wọn, ó sì fi hàn pé kókó lè wà ní ibi tó jìnnà réré, kó jẹ́ iṣan kẹfà ni yóò ké. Ọ̀nà gígùn ni iṣan náà ń tọ̀, ó ń gun orí egungun, ó ń tẹ̀ kọrọ. Bí omi tàbí kókó bá mú kí inú agbárí fún, yóò fà á bí okùn aṣọ. Kókó lè fà á, yírùnyírùn lè fà á, ikọ́ ife tó wọ agbárí náà lè fà á. Òun ló jẹ́ kí dókítà máa fi gíláàsì oníná wo inú ojú bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ wú, kó sì tún ní kí wọ́n fa omi ẹ̀yìn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yàwòrán orí. Ní 1904 kan náà ni Giuseppe Gradenigo ní Ítálì ṣàpèjúwe àwọn tí ọyún ń jáde létí wọn, tí ojú ìhà ibẹ̀ wá yí wọnú, tí ẹ̀gbẹ́ ojú sì ń ro wọ́n gan-an: ọyún etí ti wọ egungun. Ẹ̀yin ìyá tó ń ro epo gbígbóná sí ọmọ létí, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ìkẹrin kò ní ìtàn púpọ̀. Nǹkan méjì tí a rí máa ń gun ara wọn lórí, sísọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn á sì di ìṣòro. Ẹni tó ní i a máa tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìmọ̀. Alfred Bielschowsky ará Jámánì fi títẹ orí yìí ṣe àyẹ̀wò, Marshall Parks ní Amẹ́ríkà sì tò ó sí ìgbésẹ̀ mẹ́ta ní 1958. Bí dókítà bá ní kí ẹ mú fọ́tò ọmọdé yín wá, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbà yẹn lẹ ti ń tẹ orí ni. Bí kò bá jẹ́ àbímọ́ni, fífi orí gbá ilẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Ọ̀kan tún wà tí kò ṣeé fò. Ní 1881, Carl Wernicke ní Berlin kọ̀wé nípa èèyàn mẹ́ta: ọkùnrin ọ̀mùtí méjì, àti ọmọbìnrin aránṣọ kan tó mu ásíìdì, tó wá ń bì láìdẹ́kun. Ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yí mọ́, ẹsẹ̀ wọn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ọkàn wọn dàrú. Gbogbo wọn kú. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ pé fítámì B1 ni wọn kò ní lára. Abẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú ni lónìí, ojú sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín wákàtí díẹ̀. Aláboyún tó ti ń bì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí méjì, ẹ rán dókítà létí B1 kí wọ́n tó fa omi ṣúgà sí i lára.

Bí ìpéǹpéjú bá ṣí láàárọ̀ tó wá ń wálẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, tó sì ń sàn lẹ́yìn ìsinmi, ó lè má jẹ́ iṣan ọpọlọ rárá, ibi tí àṣẹ ti ń bọ́ sínú ẹran ló ti ń já. Mary Walker, dókítà obìnrin kan ní Greenwich, fún aláìsàn irú rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kan ní 1934, ìpéǹpéjú gòkè lójú gbogbo wọn. Ọmọlójú kì í là nínú ti èyí.

Síkáànì dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1971, nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ Godfrey Hounsfield ya inú orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Wimbledon. Kí ó tó dé ni Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ti padà wálé láti Amẹ́ríkà ní 1962 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. Òun ni oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tọ́ọ̀ṣì, ìka tí aláìsàn ń fi ojú tẹ̀ lé, àti x-ray ni ohun èlò. Àtọ̀gbẹ ló pa Odeku ní 1974, ẹni ọdún 47.

Ọmọ bàbá àdúgbò wa tan iná sí ojú náà, ó ní ọmọlójú méjèèjì dọ́gba. Mo ní kí wọ́n máa lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ dáadáa. Bàbá kò mọ̀ pé òun ní i. Wọ́n ya inú orí rẹ̀, wọn ò rí ohun tó wú. Wọ́n fi báńdéèjì bo ojú náà kó má baà máa rí méjì lójú títì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn ṣúgà, wọ́n ń wo ọmọlójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń ka ìwé ìròyìn fún ara rẹ̀. Ó ní ohun tó dùn mọ́ òun jù ni pé ìyàwó òun ti padà di ẹyọ kan, nítorí méjì ti fẹ́ pọ̀ jù fún òun.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé fọ́tò ojú aláìsàn sórí gúrúùpù.